Ẹranko Kò Mọ Ààlè: Àròjinlẹ̀ lórí Ààbò Ọ̀gbìn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kó má ní ààlà. Bí ààlà bá wà láàrin baba àti ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ so pọ̀, kí ni a ó ti wí ti ènìyàn àti ẹranko tí ọ̀kan kò gbọ́ èdè èkejì? Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà níbẹ̀. Ààlà tí baba pa, ọmọ mọ̀ ọ́n. Ààlà tí àgbẹ̀ pa, ehoro kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tí yóò fà sí, àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ewé méjì, igi kòkó tí kò tí ì ga tó orúnkún ènìyàn, oúnjẹ lásán ni gbogbo wọn lójú ehoro, ọ̀yà, òkété, ìkún àti tata. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí nìyí: nígbà tí ẹranko bá jẹ ohun tí a gbìn, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ó dá, irú ìjà wo ni ó sì tọ́ kí á bá a jà?

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò tó ohun tí ènìyàn ń mú gègé kọ nǹkan lé lórí. Wọn yóò ní eku jẹ ọ̀gbìn, olóko pa eku, ẹjọ́ parí. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí kìíní ni pé ọ̀nà tí a gbà ń pa eku kì í sábà mọ sí ọ̀dọ̀ eku nìkan. Ìdí kejì ni pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni yóò di olùkọ́ lọ́la, tí ọgbà ilé-ìwé yóò sì wà ní ìkáwọ́ yín. Ohun tí ọmọdé bá kọ́ nínú ọgbà yẹn nípa bí a ti ń lo agbára lórí ohun tí kò lágbára, kò ní í gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ẹjọ́ Àgbẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ ti àgbẹ̀ kí á tó gbọ́ ti ẹnì kejì, nítorí a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀gbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù kò jọ igi tó ti gbó. Bí ewúrẹ́ bá já ewé lára igi ọsàn tó ti ń so, igi náà yóò tún rú ewé mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ehoro bá gé ẹ̀wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù nísàlẹ̀ àwọn ewé rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀wà náà kú nìyẹn, nítorí kò sí ojú mìíràn tí yóò gbà rúwé. Ti àgbàdo sàn díẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, ibi tí ewé rẹ̀ ti ń yọ ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀, ó sì lè tún dìde bí ẹnu ẹranko bá kàn án lókè. Ṣùgbọ́n àgbàdo náà ní ọ̀tá tirẹ̀: àparò àti ìkún a máa wú irúgbìn rẹ̀ jẹ kí ó tó yọ orí rárá. Ọ̀kan nínú ìdí tí àgbẹ̀ fi ń sọ hóró mẹ́ta tàbí mẹ́rin sójú ihò kan nìyí. Ó mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò ṣẹ́kù fún òun.

Àdánù yìí kì í ṣe ti ewé nìkan, ti àkókò ni. Òjò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ohun ọ̀gbìn rẹ̀ bá run lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ lè rí irúgbìn mìíràn rà, ṣùgbọ́n kò lè rí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti lọ rà. Láfikún, kì í ṣe ewé nìkan ni àwọn ẹranko kan ń bà jẹ́. Nínú àwọn eku tó ń jẹ nínú oko tó sì ń wọ inú ilé ni èyí tó ń gbé ibà Lásà kiri wà, àrùn tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa ní apá àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ yìí, tó sì ti pa ènìyàn púpọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Ìpínlẹ̀ Ẹdó.

Nítorí náà, àgbẹ̀ jàre láti dáàbò bo ohun tó gbìn. Ìmọ̀ràn tó bá ní kí ó káwọ́ lẹ́rán máa wo ọ̀yà níran nígbà tí ebi ń pa àwọn ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ọgbọ́n, àfojúdi ni. Ọwọ́ tó bá ń fún irúgbìn ni a tún gbà láyè láti ṣọ́ irúgbìn.

Ẹjọ́ Ẹranko

Ó wá ku ti ẹnì kejì. Àwọn baba wa ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní ààlè. Wọn a fi àkísà, ṣùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín tàbí àjákù bàtà kọ́ ara igi eléso tàbí sórí ìdì igi tí wọ́n ṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá kọjá tó sì rí i yóò mọ̀ pé ohun yìí ní olówó, àti pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ohun tí ojú rẹ̀ bá rí ni kó fara mọ́. Bí a bá wò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ààlè, bí kò tilẹ̀ lo ohùn. Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Olóhun sọ̀rọ̀, akọjá gbọ́ ọ yé, akọjá sì yan ohun tí yóò ṣe. Ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé ni a tó lè pe ènìyàn ní olè. Ẹni tó rí ààlè tó mọ̀ọ́mọ̀ pa ojú dé ni olè.

Ó dára, ta ni yóò fi ààlè han òkété? Ẹranko kò mọ olóko, kò mọ oko yàtọ̀ sí igbó. Ewé tútù ni ó rí. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ìkún ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìkún ń rèdí, ìkún kò mọ̀ pé ohun tó dùn ló ń pani. Ènìyàn tó ń ṣe wọ̀bìà ni a sábà ń fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ohun tó sọ nípa ìkún fúnra rẹ̀: kò mọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ kò lè jalè. Bí kò bá sì lè jalè, a jẹ́ pé a kò lè fi ìyà olè jẹ ẹ́.

Ibí yìí ni mo rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́. Ìyàtọ̀ wà láàrin ìyà àti ìdènà. Ẹni tó ń fi ìyà jẹni ń bi ara rẹ̀ pé, “Kí ni ó tọ́ sí ẹni yìí?” Ẹni tó ń ṣe ìdènà ń bi ara rẹ̀ pé, “Kí ni ó kéré jù lọ tí mo lè ṣe tí èyí yóò fi dáwọ́ dúró?” Ìbéèrè kìíní lè gbòòrò bí ìbínú bá ti gbòòrò tó. Ìbéèrè kejì ní òpin. Ẹranko kò tọ́ sí ìyà kankan lọ́wọ́ wa. Ìdènà nìkan ni a ní ẹ̀tọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí olóko tí eku ti jẹ ọ̀gbìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò ní í sọ mọ́ pé eku ń jẹ nǹkan òun. Yóò ní eku náà yájú sí òun, yóò ní òun yóò fi ojú rẹ̀ rí màbo. Ìdènà ti di ìyà lẹ́nu rẹ̀ kó tó dì í lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà mìíràn pàápàá, bí a bá wá ẹlẹ́ṣẹ̀ dé ìdí, ènìyàn ni a ó bá níbẹ̀. Ní 1859, ọlọ́rọ̀ kan tí ń jẹ́ Thomas Austin kó ehoro tí kò tó 30 wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí oko rẹ̀ ní ilẹ̀ Ọsirélíà, kí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè máa rí nǹkan yìnbọn pa ṣeré. Àwọn ehoro náà bí, wọ́n sì rẹ̀, títí wọ́n fi bo ilẹ̀ náà, tí wọ́n ń jẹ koríko, ọ̀gbìn àti èèpo igi. Láàrin 1901 sí 1907, ìjọba ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà fi wáyà ṣe ọgbà tí gígùn rẹ̀ lé ní 3,000 kìlómítà láti dá wọn dúró. Àwọn kan ti kọjá kí ọgbà náà tó parí. Ní 1950, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tú àrùn kan sí àárín wọn. Ọ̀pọ̀ jaburata ló kú, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣẹ́kù bí ọmọ tí àrùn náà kò ràn mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ehoro wọ̀nyí kò wọ ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn. Eré ọkùnrin kan ni àwọn àgbẹ̀ ń san gbèsè rẹ̀ títí di òní.

Ìjẹ Tí Ń Pe Ni

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ilẹ̀ wa. Orúkọ oògùn eku kan wà tó ti di ti gbogbo Nàìjíríà: ọta piapia. Èdè Ìgbò ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí ń jẹ nǹkan tán ráúráú. Kò sí ibi tó yẹ kí á ti ro orúkọ náà wò ju ìlú àwọn tó ni èdè náà lọ. Bí ènìyàn bá ti ilẹ̀ Yorùbá dé Àsábà, tó gba orí afárá Odò Ọya tí wọ́n kọ́ parí ní 1965 kọjá, kò ní í pẹ́ dé Iweka Road ní Onitsha. Ariwo ọkọ̀ àti ti ọjà ẹ̀rọ rédíò ló ń pàdé ẹni níbẹ̀. Ní òkè rẹ̀, níbi tí wọ́n ń pè ní Upper Iweka, ni àwọn ọkọ̀ Òwèrè, Ẹnúgu àti Aba ti ń kó èrò. Ilé sún mọ́ ilé, ilẹ̀ kò sì tó ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú rí ìyá kan ní ẹ̀yìnkùlé kan lẹ́bàá òpópónà yẹn. Nítorí kò ní oko, ó rọ iyẹ̀pẹ̀ sínú àpò mẹ́wàá, ó gbin ugwu sí i. Ilé mẹ́fà ni wọ́n jọ ni ẹ̀yìnkùlé náà. Ugwu hù, eku dé lóru, ilẹ̀ mọ́, kùkùté ni ìyá bá. Ó tún un gbìn, eku tún dé. Ní ọjọ́ kẹta, ẹni tó ń fi gbohùngbohùn polówó oògùn eku kọjá. Ìyá rà á, ó po ó mọ́ ẹja gbígbẹ, ó gbé e sí ìdí àpò. Kí ni ó ṣe tí kò tọ́? Eku ló ń dúró dè. Ugwu rẹ̀ ni ọbẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò pè é ní ìkà.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó gbé kalẹ̀ níbi tí ilé mẹ́fà jọ ń rìn. Ààlè àwọn baba wa burú ní ojú, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún ni pé, “Má súnmọ́ ibí.” Ìjẹ tí a fi májèlé pò dára ní ojú, ó ń ta sánsán, ó ń sọ fún ni pé, “Wá jẹun.” Ààlè ń lé ni, ìjẹ ń pe ni. Ẹni tí ìjẹ náà yóò sì pè kì í ṣe eku nìkan. Adìẹ aládùúgbò gbọ́ ìpè náà. Ológbò gbọ́ ọ. Ọmọ ọdún méjì tí ń rá kiri, tí kò mọ ààlè gan-an bí eku kò ti mọ̀ ọ́n, òun náà gbọ́ ọ. Májèlé kò bèèrè orúkọ kó tó ṣiṣẹ́.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti jẹ́ kí á mọ ìdí rẹ̀. Dichlorvos ni kẹ́míkà tó wà nínú ọ̀pọ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ba ètò tí iṣan fi ń ránṣẹ́ sí ara jẹ́, títí èémí yóò fi dí. Ètò kan náà ni ó wà lára kòkòrò, lára eku, lára ọmọ ènìyàn. Ìdí nìyí tí àjọ NAFDAC fi ka títà rẹ̀ nínú ìgò kékeré, láti 100 mílílítà sísàlẹ̀, léèwọ̀ ní 2019, nítorí ìlòkulò. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ti kọ ẹ̀wà gbígbẹ ilẹ̀ wa. Ìwọ̀n dichlorvos tí òfin wọn fàyè gbà nínú kìlógíráàmù ẹ̀wà kan ni 0.01 mílígíráàmù, èyí tí wọ́n rí nínú àwọn kan tó 4.6. Ẹni tó fi oògùn náà sí ẹ̀wà kò ní ẹnikẹ́ni ní ọkàn láti pa. Kòkòrò ni ó ń lé. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Ṣùgbọ́n májèlé a máa tọ ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a dà á.

Ó tún ku ohun kan. Eku tó jẹ májèlé kì í kú lójú ẹsẹ̀ nígbà gbogbo. Yóò máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ kiri, òwìwí yóò gbé e, ejò yóò gbé e mì, àwọn náà yóò sì jẹ nínú ikú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni ọdẹ tí ń bá wa dín eku kù láìgba owó. A pa eku kan, a pa ọdẹ tí ì bá pa ogún.

Ìwọ̀n

Kì í ṣe pé mo ní kí á má pa nǹkan kan. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, mo ti gbàgbé ẹjọ́ àgbẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé ìdènà ní ìwọ̀n, a sì lè fi ìbéèrè mẹ́ta wọ̀n ọ́n. Èkíní: ṣé ẹni tó ń ṣe ọṣẹ́ nìkan ni yóò kàn? Èkejì: bí ọṣẹ́ bá dáwọ́ dúró, ṣé òun náà yóò dáwọ́ dúró? Ẹ̀kẹta: bí mo bá ṣi ẹni mú, ṣé mo lè tú u sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á fi wọn wọn ohun tí a mọ̀. Ọgbà tí a fi oparun tàbí wáyà ṣe yí ọ̀gbìn ká, tí a rì mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí ehoro má baà gbẹ́ ilẹ̀ wọlé, yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò pa ẹnikẹ́ni. Ṣíṣán igbó etí oko yege, nítorí ọ̀yà àti eku kì í fẹ́ rìn ní ibi tí ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Ẹbìtì àti tàkúté ń pani lóòótọ́, ṣùgbọ́n olóko tó ń lọ wò wọ́n láràárọ̀ mọ ohun tó mú, ẹran náà sì ṣeé jẹ. Àwọn baba wa tilẹ̀ ní ẹbìtì tí kò bá pa eku, kó fi ẹ̀yìn fún ẹlẹ́yìn. Ẹbìtì ní ẹni tí a lè bá wí. Ìjẹ tí a fi májèlé pò kùnà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: kò yan ẹni, kò mọ ìgbà tí ìjà parí, kò sì sí ẹni tó lè tú ẹni tó ti mú sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Àtakò kan wà tí n kò gbọdọ̀ fò dá. Ẹnì kan lè ní, “Wáyà wọ́n, oògùn eku pọ́ọ́kú. Ẹni tí ebi ń pa kò ráyè ìwọ̀n.” Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ìdáhùn mi ni pé oògùn náà kò pọ́ọ́kú. Ẹlòmíràn ni ó ń san ìyókù owó rẹ̀. Aládùúgbò tí adìẹ rẹ̀ kú ń san nínú rẹ̀. Ìyá tó gbé ọmọ dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn ń san nínú rẹ̀. Bí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, wáyà ni ó pọ́ọ́kú. Ẹ̀bi ìyá tó wà ní Iweka Road sì kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìlú tí kò kó ìdọ̀tí kúrò ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni ó bọ́ eku náà sanra. Ìlú náà kò gbọdọ̀ fi ìyá kan sílẹ̀ pẹ̀lú ìgò májèlé bí ẹni pé òun nìkan ni eku ń bá jà.

Pé ọ̀nà mìíràn wà kì í ṣe àlá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kòkòrò kan tó funfun bí ìyẹ̀fun yọ sí ẹ̀gẹ́ ní ilẹ̀ Kóńgò, ó sì tàn ká Áfíríkà. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ó ti wá, kò sì ní ọ̀tá níhìn-ín. Àwọn onímọ̀ wá ọ̀tá rẹ̀ lọ sí ìpilẹ̀ rẹ̀, wọ́n bá agbọ́n tíńtínní kan ní ilẹ̀ Paraguay tó ń yé ẹyin rẹ̀ sínú kòkòrò náà. Ní 1981, ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA tó wà ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí tú agbọ́n náà sílẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Ó ràn ká, kòkòrò náà sì rọlẹ̀. Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti tata tí ń jẹ ẹ̀gẹ́ ní ọ̀gbẹlẹ̀: àwọn abo rẹ̀ a máa kó ara wọn jọ síbi kan lábẹ́ òjìji láti yé ẹyin sínú ilẹ̀. Ẹni tó bá sàmì sí ibẹ̀, tó fi ọkọ́ hú ẹyin náà síta fún oòrùn, ti gba oko rẹ̀ là láìra oògùn kankan. Agbọ́n yẹn pa, ọkọ́ yìí náà pa, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì mọ ẹni tí wọ́n ń bá jà. Ìmọ̀ ni ó fún wọn ní ojú.

Ọ̀rọ̀ mi ń lọ sí òpin. Ẹni tó máa fi ọ̀pá gún ọmọ ẹyẹ, ó yẹ kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Òwe yìí kò sọ pé a kò gbọdọ̀ lé ẹyẹ kúrò lóko. Ohun tó ń bèèrè ni pé kí ẹni tó mú ọ̀pá dání mọ bí ọ̀pá náà ti mú tó. Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, bí ọ̀yà bá jẹ àgbàdo ọgbà ilé-ìwé yín, tí àwọn ọmọ sì ń bínú, ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú díẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bi wọ́n léèrè pé níbo ni ọ̀yà náà gbà wọlé. Ọmọ tó bá lọ wá ihò ọgbà, tó sì dí i, ti kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ó sì ti kọ́ ohun kan pẹ̀lú rẹ̀: pé ẹni tí kò mọ ààlè, ọgbà ni a ń ṣe dè é, a kì í dájọ́ ikú fún un.